Àwọn onímọ̀ òjò ṣèpàdé ní Ouagadougou, ọjọ́ 39 lẹ́yìn náà ni omi ya bo ìlú: Níbo ni ìkìlọ̀ ti ń já?

Láti ọjọ́ 20 sí ọjọ́ 24, oṣù Keje, ọdún 2009, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti Áfíríkà, Yúróòpù àti àwọn ibòmíràn péjọ sí Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso. Òjò ló kó wọn jọ: ibi tó ti ń bọ̀, ohun tó ń gbé ìjì rẹ̀ dìde, àti ìdí tó fi ń pọ̀ lọ́dún kan tó sì ń ṣọ̀wọ́n lọ́dún mìíràn.

Ètò ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní AMMA ló gbé àpérò náà kalẹ̀. Ìgbà kẹta nìyẹn tí wọ́n máa ṣe irú rẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé ní Dakar lọ́dún 2005, wọ́n sì pàdé ní ìlú Karlsruhe ní Jámánì lọ́dún 2007.

Àwọn àlejò palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n padà sílé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, ìyẹn ọjọ́ 39 lẹ́yìn tí àpérò parí, òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí ní Ouagadougou kan náà. Ilẹ̀ mọ́, kò dá. Ọ̀sán pọ́n, ó ṣì ń rọ̀. Nígbà tó fi máa dáwọ́ dúró, milimítà 263 ni ohun èlò ìwọ̀n òjò ní pápákọ̀ òfurufú ìlú náà kọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi kẹ́ẹ̀gì omi ṣàlàyé rẹ̀. Milimítà òjò kan túmọ̀ sí omi lítà kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan. Nítorí náà, lórí ilẹ̀ tí kò ju ẹní kékeré lọ, omi tó lé ní kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́wàá ló dà sílẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí méjìlá. Òjò tó ń rọ̀ ní Ouagadougou láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀ kì í sábà ju milimítà 700 sí 800 lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta òjò ọdún kan ló rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Èèyàn mẹ́jọ, ó kéré tán, ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Nǹkan bíi 150,000 èèyàn ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ọ̀pọ̀ lára wọn ló pàdánù ilé. Omi wọ ilé ìwòsàn ńlá Yalgado Ouédraogo, wọ́n ní láti kó àwọn aláìsàn kúrò níbẹ̀, ẹ̀rọ ìtọ́jú sì bàjẹ́. Àwọn ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí di ibùgbé fún àwọn tí omi lé jáde. Nígbà tó yá, ìjọba pín ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Yagma, lẹ́yìn ìlú.

Àwọn tó fojú winá rẹ̀ jù ni àwọn tó ń gbé ilé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù amọ̀ kọ́, ní àwọn àdúgbò tí ìjọba kò tíì là sí púlọ́ọ̀tì. Bí amọ̀ bá mu omi fún wákàtí mélòó kan, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ látìsàlẹ̀. Ouagadougou sì tẹ́jú pẹrẹsẹ, omi kì í tètè rí ọ̀nà lọ.

Ohun tí ìròyìn yìí fẹ́ tọ pinpin nìyí: ìmọ̀ nípa ìjì òjò wà nílẹ̀, kódà ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìlú náà kọjá ni. Kí ló dé tí kò dé ojúlé àwọn tí omi yóò gbé?

Ìlú tó jẹ́ pé ọ̀dá òjò ló ń bà á lẹ́rù

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ ká rántí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó dàgbà ní agbègbè Sahel, ìdíwọ́ òjò ni àjálù, kì í ṣe àpọ̀jù rẹ̀.

Ọ̀dá tó jà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 pa màlúù, ó pa oko, ó sì lé àwọn èèyàn kúrò ní abúlé. Òun ló bí CILSS, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè Sahel dá sílẹ̀ lọ́dún 1973 láti gbógun ti ọ̀dá. Ouagadougou ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Lọ́dún 1998, Burkina Faso bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń fi ọkọ̀ òfurufú fín èròjà sínú ìkùukùu kí òjò lè rọ̀. Wọ́n sọ ètò náà ní Saaga, ìyẹn ni òjò lédè Mooré tí àwọn Mossi ń sọ.

Ètò AMMA fúnra rẹ̀ jáde látinú ìbẹ̀rù ọ̀dá yìí. Lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ fi bàlúù, rádà, ọkọ̀ ojú omi àti fèrè tí wọ́n ń tú sí ojú sánmà ṣọ́ òjò ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ àkókò òjò dé òpin rẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ rí ní agbègbè wa. Ìbéèrè tó gba ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà ni pé, ǹjẹ́ òjò yóò padà? Òjò padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe padà.

Báwo ni ìjì náà ṣe ń dìde?

Ẹni tó bá gbé ní Ìlọrin, Ṣakí, Parakou tàbí Kano mọ ìjì yìí dáadáa, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Ooru á mú gidi lọ́sàn-án. Lójijì, ojú ọ̀run á ṣú ní ìlà oòrùn, dúdú bí ikòkò ìdáná. Atẹ́gùn tútù á kọ́kọ́ dé, á gbé eruku dìde, á ká páànù lórí ilé tí ìṣó rẹ̀ kò mú. Lẹ́yìn èyí ni òjò ńlá, pẹ̀lú ààrá àti mànàmáná. Àwọn àgbà wa tó ní ẹni òjò pa tí Ṣàngó kò pa, kó máa dúpẹ́, mọ ohun tí wọ́n rí.

Afẹ́fẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra ló ń pàdé. Ọ̀kan ń bọ̀ láti orí òkun ní gúúsù, ó rọ́ omi sínú. Èkejì ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ó gbẹ, ó sì gbóná. Ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin lókè orí wa, ẹ̀fúùfù líle kan ń sáré láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ olómi bá ru sókè nínú ooru, ẹ̀fúùfù òkè yìí ló ń tì í, tó sì ń to ìkùukùu rẹ̀ jọ bí ẹni to ọmọ ogun sórí ìlà. Ìlà náà lè gùn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà.

Òjò tó ń já bọ́ náà ń mú kí afẹ́fẹ́ tutù bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù rẹ̀ á tàn sílẹ̀, á sì ti afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà níwájú sókè, kí ìkùukùu tuntun tún lè dìde. Báyìí ni ìjì náà ṣe ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Èyí tó pọ̀ jù nínú òjò tó ń rọ̀ ní Sahel, irú ìjì bẹ́ẹ̀ ló ń gbé e wá. Òun kan náà ló ń fún àgbàdo àti ọkà bàbà lómi, òun náà ló ń wó ilé.

Ohun kan ṣe pàtàkì nínú àlàyé yìí. Ìjì náà sábà máa ń rìn láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, ní ìwọ̀n kìlómítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan. Láti Niamey ní Niger dé Ouagadougou, bí ẹyẹ ṣe ń fò, jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 400. Èyí túmọ̀ sí pé ìjì tó bá kọjá ní Niamey ní alẹ́ lè dé Ouagadougou kí ilẹ̀ tó mọ́. Wákàtí bíi mélòó kan wà láàárín. Inú wákàtí wọ̀nyẹn ni ẹ̀mí èèyàn wà.

Kí ló yàtọ̀ lọ́jọ́ yẹn?

Ìjì tí a ń sọ yìí sábà máa ń kọjá lọ ni. Ó lè rọ̀ bí ẹni fi garawa da omi fún wákàtí kan sí méjì, kó sì gba iwájú lọ. Ti ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2009 kò kọjá lọ bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí tí Jean-Philippe Lafore àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2017 ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbì afẹ́fẹ́ mẹ́ta ló tẹ̀ léra wọn láti ìlà oòrùn. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lágbègbè wa. Ọ̀pọ̀ lára ìjì líle hurricane tó ń jà ní àwọn erékùṣù Caribbean àti ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀kan nínú wọn fọ́ bí ìgbì òkun ṣe ń fọ́ létí omi, ó sì di afẹ́fẹ́ tó ń yí po bí ààjà ńlá. Ó fa omi tó pọ̀ jọ, kò sì tètè kúrò lójú kan. Ouagadougou ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni àlàyé yìí jáde. Kò sí ẹni tó lè jókòó sí àpérò oṣù Keje kó sọ pé òjò báyìí yóò rọ̀ ní ọjọ́ báyìí. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà láàárín mímọ ọjọ́ tí òjò yóò rọ̀ ní oṣù tó ń bọ̀, àti rírí ìjì tó ti dìde lánàá tó sì ń bọ̀ lọ́nà. Sátẹ́láìtì ń rí i.

Ìjì ńlá ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ

Lóṣù Kẹrin ọdún 2017 kan náà, ikọ̀ kan tí Christopher Taylor, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, léwájú rẹ̀, gbé èsì ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature. Wọ́n yẹ àwòrán sátẹ́láìtì ọdún 35 wò. Wọ́n rí i pé ìjì òjò tó le jù lọ ní Sahel ti di ìlọ́po mẹ́ta láti ọdún 1982.

Kí ló fà á? Àlàyé wọn ni pé Sàhárà ń gbóná sí i bí ayé ṣe ń gbóná. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ooru aṣálẹ̀ àti ìtútù gúúsù bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fúùfù òkè tó ń to ìkùukùu jọ náà ń yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀ sí i, ìjì á sì lágbára.

Ní kúkúrú, ọ̀dá tó ń ba àwọn bàbá wa lẹ́rù kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá dé, ó ń dé pẹ̀lú ìbínú. Àgbẹ̀ kan lè sunkún nítorí ọ̀dá ní oṣù Kẹfà, kí àgbàrá sì gbé oko rẹ̀ lọ ní oṣù Kẹjọ.

Ìbàdàn náà mọ ìtàn yìí

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ Sahel nìkan lèyí, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí odò Ògùnpa fi kún bo afárá. Èèyàn tó lé ní igba ló kú. Bọ́lá Ìgè ni gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà. Kì í ṣe pé odò náà kò ṣe ìkìlọ̀: ó ti kún rí lọ́dún 1963, ó sì tún kún lọ́dún 1978.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀. Iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn wọn òjò milimítà 187.5 lọ́jọ́ náà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ, àwọn afárá já, ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn pàápàá kò yọ sílẹ̀. Lọ́dún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó igba mílíọ̀nù dọ́là fún ètò láti dènà omíyalé ní Ìbàdàn.

Ẹ wo àwọn ọjọ́ náà dáadáa: ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án. Ìlú méjì, ọdún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan péré ló kó gbogbo wọn pọ̀ nínú ọdún. Àsìkò tí ilẹ̀ ti mu omi yó nìyẹn, tí kò lè gba òmíràn mọ́.

Níbo ni ìkìlọ̀ ti ń já?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òwe náà ní ohun mẹ́ta nínú: ẹnìkan ní láti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, arọ ní láti gbọ́, ó sì ní láti rí ibi gbà. Bí ọ̀kan bá já, ogun á pa á.

Ti àkọ́kọ́ ni sísọ tẹ́lẹ̀. Rádà tó ń rí òjò láti ọ̀nà jíjìn kò pọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, àwọn tó wà náà kì í fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́, nítorí owó àti ohun èlò. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò ojú ọjọ́ káàkiri àgbáyé kò sì tíì mọ ìjì ilẹ̀ olóoru bó ṣe mọ ti Yúróòpù. Nítorí náà, sátẹ́láìtì Meteosat ni ọ̀rẹ́ wa. Léraléra ló ti ń ya àwòrán ìkùukùu Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Onímọ̀ tó jókòó tì í lè sọ ibi tí ìjì yóò dé láàárín wákàtí díẹ̀ sí i.

Ìkejì ni gbígbọ́. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìkìlọ̀ ìjọba ní Ouagadougou, ṣùgbọ́n Mooré, Dioula àti Fulfulde ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ nílé. Lọ́dọ̀ wa náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwa tí à ń ka ìròyìn lórí afẹ́fẹ́ náà ní ìpín tiwa níbẹ̀. Ojú ọjọ́ ló máa ń gbẹ̀yìn ìròyìn, ọ̀rọ̀ tí a sì sábà ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí òjò àti ààrá wáyé ní àwọn apá kan. Kí ni kí ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́bàá gọ́tà fi ìyẹn ṣe? Kò mọ̀ bóyá apá tirẹ̀ ni, kò mọ aago tí yóò dé, kò sì mọ̀ bóyá òjò tó ń mú ilẹ̀ tutù ni tàbí èyí tó ń gbé ilé lọ.

Ìkẹta ni rírí ibi gbà. Bí wọ́n bá sọ fún ẹni tó ń gbé létí odò pé kó kúrò, ibo ni yóò lọ? Ta ni yóò ṣọ́ ẹrù rẹ̀? Ilé ìwé wo ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ ní aago mẹ́ta òru? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti onímọ̀ ojú ọjọ́. Ti káńsù, baálẹ̀, ìmáàmù, pásítọ̀ àti ẹgbẹ́ àdúgbò ni.

Kí ló ti yí padà?

Àyípadà wà. Ètò AMMA-2050, tí Taylor kan náà léwájú, mú Ouagadougou gẹ́gẹ́ bí ìlú tí wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ omíyalé wò fún ọjọ́ iwájú. Ètò àgbáyé CREWS, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, ti ń ran Burkina Faso lọ́wọ́ lórí ìkìlọ̀ òjò. Lóṣù Kẹta ọdún 2022, akọ̀wé àgbà àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, António Guterres, kéde pé láàárín ọdún márùn-ún, gbogbo èèyàn láyé gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ààbò ètò ìkìlọ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, FUTA, àti àjọ NiMet wà lára àwọn tó bá Yunifásítì Leeds ṣiṣẹ́ nínú ètò SWIFT, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2017. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ́ bí a ṣe lè fi àwòrán sátẹ́láìtì sọ ibi tí ìjì ń lọ láàárín wákàtí mélòó kan. NiMet náà ti ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ọdọọdún rẹ̀ jáde ní àwọn èdè wa, Yorùbá wà lára wọn. Ìyẹn dára fún àgbẹ̀ tó fẹ́ mọ ìgbà tí yóò gbin àgbàdo. Ṣùgbọ́n àsọtẹ́lẹ̀ ọdún kò lè jí ẹnikẹ́ni lóru. Èyí tó ń jíni lóru ni ìkìlọ̀ wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà, ní èdè tí èèyàn ń lá àlá nínú rẹ̀, lórí fóònù tàbí rédíò àdúgbò.

Ohun tí èèyàn lè ṣe nísinsìnyí

Kí rádà tó pọ̀, kí ìjọba tó gbẹ́ gọ́tà, àwọn nǹkan kan wà tí kò gba owó púpọ̀. Ẹ mọ ibi tí omi máa ń gbà ní àdúgbò yín, pàápàá tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀. Ẹ bi àgbàlagbà tó ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ kó ìwé ilé, ìwé ẹ̀rí àti oògùn sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sókè láti àárín oṣù Kẹjọ. Bí àgbàrá bá ń ṣàn, kódà kó má tíì dé orúnkún, ẹ má ṣe rìn gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ má sì ṣe wa ọkọ̀ wọ̀ ọ́. Bí ààrá bá ń sán, ẹ kúrò lábẹ́ igi.

Àti pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan fi ẹnu kò sí ibi gíga kan, ilé ìwé tàbí ilé ìjọsìn, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò ṣí bí ojú ọjọ́ bá ti le. Kí wọ́n mọ ẹni tí yóò gbé arúgbó, ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn ilé aláboyún, àti ẹni tí yóò lu agogo.

Àwọn onímọ̀ yóò tún ṣèpàdé, ní Ouagadougou tàbí níbòmíràn, ó sì yẹ kí wọ́n ṣe é, nítorí láìsí wọn, ojú lásán la ó máa fi wo ìkùukùu. Ṣùgbọ́n ibi tí a ó ti mọ̀ bóyá àpérò wọn yọrí sí rere kì í ṣe inú gbọ̀ngàn. Yóò hàn ní òru ọjọ́ kan ní ìparí oṣù Kẹjọ, bí ìdílé kan tó ń gbé ilé amọ̀ bá ti jí, tí wọ́n ti gbé àwọn ọmọ kọ́rùn, tí wọ́n sì ti kúrò kí omi tó dé.